Ẹ Má Ṣe Fara Pamọ́ Lọ́jọ́ Ìkànìyàn

Bíbélì kíkà: Númérì 26:51-56, 2 Sámúẹ́lì 24:1-17, Lúùkù 2:1-7

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ìjọba lójú àwọn kan. Wọ́n lè máa wí pé, "Pásítọ̀, kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ ìkànìyàn? Ẹ wàásù ìhìn rere fún wa." Ẹ fara balẹ̀. Odidi ìwé kan wà nínú Bíbélì yín tó jẹ́ pé ìkànìyàn ló fún un lórúkọ. Ìwé Númérì ni. Bí Ọlọ́run bá ka ọ̀rọ̀ náà sí tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ìránṣẹ́ rẹ̀ máa sá fún un.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1991, nígbà tí wọ́n ka àwa ọmọ Nàìjíríà, mo wà nílé ní abúlé wa lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún. Akànìyàn kan wọlé tòun ti fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà wa, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ó sì bi wọ́n pé, "Màmá, ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ilé yìí?" Màmá wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Ó rọ̀ wọ́n títí. Nígbà tó yá, wọ́n ní mẹ́ta ni wá. Bẹ́ẹ̀ àwa mẹ́jọ la sùn sínú ilé náà mọ́jú. Àwọn àbúrò mi tó kéré ti wà lẹ́yìn àká, Màmá ti kó wọn pamọ́ síbẹ̀ kí àlejò tó dé.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo rò pé àìmọ̀wé ló ń da Màmá láàmú. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, tí èmi náà ti dúró létí sàréè ọmọ ọlọ́mọ, ni ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi. Ọmọ mẹ́sàn-án ni Màmá bí, márùn-ún ló ṣáájú wọn lọ. Ẹni tí ikú ti wọlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, bí ẹ bá ní kó ka èyí tó kù, ojú ọgbẹ́ lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Nítorí náà, mi ò ní fi àwọn àgbà wa ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìfẹ́ ọmọ ló mú kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ kan náà ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ka àwọn ọmọ yín.

Ẹ tilẹ̀ jẹ́ ká bi ara wa, ṣé òótọ́ ni pé a kì í kà? Nígbà tí Màmá yìí kan náà bá gbé ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀, tí wọ́n fẹ́ pín ẹran, wọ́n á ti fi ojú ka orí gbogbo wa kí ọ̀bẹ tó kan ẹran. Bí wọ́n bá gbàgbé ẹnì kan, ẹkún onítọ̀hún ló máa rán wọn létí. Kò sí bí ẹni tó fẹ́ pín nǹkan ṣe lè ṣe é tí kò ní kà. Ìdí abájọ ìkànìyàn nìyẹn: kí ẹni tó ń bu oúnjẹ lè mọ iye àwo tó wà nílẹ̀.

Dáfídì ńkọ́?

Àwọn onígbàgbọ́ mìíràn máa ń mú ọ̀rọ̀ Dáfídì jáde. Wọ́n á ní, "Ṣebí Dáfídì ka Ísírẹ́lì, àjàkálẹ̀ àrùn sì pa 70,000 ènìyàn?" Òótọ́ ni, ó wà nínú 2 Sámúẹ́lì orí 24. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kà á dáadáa. Jóábù, olórí ogun, tí kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀, bẹ ọba pé kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọba kọ̀. Oṣù mẹ́sàn-án àti ogún ọjọ́ ni wọ́n fi rìn ká ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dé, kí ni wọ́n kó wá fún ọba? Iye ọkùnrin tó lè fa idà yọ ni: 800,000 ní Ísírẹ́lì àti 500,000 ní Júdà. Ọba kò bèèrè pé ta ni kò ní ilẹ̀, ta ni kò rí jẹ. Kò ní ogun kankan tí Ọlọ́run rán an nígbà náà. Ó kàn fẹ́ mọ bí agbára òun ti tó ni. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Bíbélì ló gbà pé ìgbéraga yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, pé ó sọ àwọn ènìyàn Ọlọ́run di ohun ìyangàn ara rẹ̀.

Bí ìkànìyàn fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, Ọlọ́run kì bá tí pàṣẹ rẹ̀ fún Mósè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó pàṣẹ rẹ̀ nínú ìwé Númérì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, nínú aginjù Sínáì, 603,550 ọkùnrin ni wọ́n kà. Ní ìgbà kejì, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Móábù, nígbà tí ìran àkọ́kọ́ ti kú tán sínú aginjù, 601,730 ni wọ́n rí. Lóòótọ́, àwọn tó tó ogun jà ni wọ́n kà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi iye náà ṣe. Ọlọ́run ní kí Mósè fi iye yẹn pín ilẹ̀: kí ìdílé tó bá pọ̀ gba ilẹ̀ tó fẹ̀, kí èyí tó bá kéré gba èyí tó mọ níwọ̀n. Wọ́n kà kí wọ́n lè pín. Wọ́n pín kí ẹnikẹ́ni má baà dìde gba ti ẹlòmíràn.

Ẹ ṣí i sí orí tó tẹ̀ lé e, orí 27. Àwọn obìnrin márùn-ún kan wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Sélóféhádì. Bàbá wọn ti kú, kò sì bí ọmọkùnrin. Wọ́n rí i pé bí a bá pín ilẹ̀ báyìí, orúkọ bàbá wọn yóò parẹ́ nínú agbo ilé rẹ̀. Wọn kò jókòó sí inú àgọ́ máa sunkún. Wọ́n lọ dúró níwájú Mósè àti gbogbo ìjọ, wọ́n sọ tẹnu wọn. Ọlọ́run sì sọ fún Mósè pé ẹjọ́ wọn tọ́, kí wọ́n fún wọn ní ìní. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń pín in ní ilé wa

Ní Nàìjíríà, ìwé òfin wa ti ọdún 1999, ní abala 162, ka iye ènìyàn mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa wò bí wọ́n bá ń pín owó àpapọ̀. Ilé Aṣojú-ṣòfin ní ọmọ ẹgbẹ́ 360, òfin kan náà sì sọ pé kí iye ènìyàn tó wà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan wọn sún mọ́ ara débi tó bá ṣeé ṣe. Ìyẹn ti owó àti ipò. Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára tún ńkọ́? Ta ni yóò mọ iye ìgò tí wọn yóò gbé wá sí àdúgbò yín bí wọn kò bá mọ iye ìkókó tó wà níbẹ̀? Ta ni yóò mọ iye tísà tó yẹ kó wà nílé ìwé?

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé kíkà náà ni wọ́n ti bàjẹ́. Irọ́ kọ́. Ìkànìyàn ọdún 1962 dá ìjà sílẹ̀ débi pé wọ́n pa á tì, wọ́n tún un kà ní 1963, wọ́n sì ní a jẹ́ mílíọ̀nù 55 ó lé díẹ̀. Ti ọdún 1973 náà dá awuyewuye sílẹ̀, ìjọba Murtala Muhammed sì fagi lé e ní 1975. Nígbà tó di 1991, àwọn onímọ̀ ti ń retí pé a ó ju 100 mílíọ̀nù lọ, ṣùgbọ́n 88,992,220 ni wọ́n kà. Ní 2006, wọ́n kà wá ní 140,431,790. Lọ́dún náà, àjọ tó ń rí sí ètò ìkànìyàn ní Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní tiwọn ní àwọn ka ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 17 lọ. Mi ò fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé nígbà tí ẹnì kan ń fi ọmọ pamọ́ sẹ́yìn àká, tí ẹlòmíràn ń ka òkú mọ́ alààyè, tí ẹ̀kẹta ń dúró níbi méjì kí wọ́n lè kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sí bí òótọ́ ṣe lè jáde níbẹ̀. Onígbàgbọ́ tó dín in àti onígbàgbọ́ tó bù sí i, irọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń pa.

Ẹ̀bi tèmi

Kò yẹ kí n máa bá yín wí kí n sì fi ti ara mi pamọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, mo ti ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ kan ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn. Àwọn ará ilé ránṣẹ́ láti abúlé pé kí gbogbo ọmọ bíbí ibẹ̀ wálé kí wọ́n lè kà wá, kí abúlé wa lè pọ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo tilẹ̀ kéde rẹ̀ nínú ìjọ pé kí olúkúlùkù lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Mo kó ìyàwó àti àwọn ọmọ mi, a ti ilẹ̀kùn, a lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tó wà ní òpópónà wa ló wà ní títì lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọdún mélòó kan kọjá. A kò ní ilé ìwòsàn ìjọba ní apá ibẹ̀. Àwa àgbààgbà àdúgbò kó ara wa jọ, a lọ bẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀gá tó dá wa lóhùn kò fi wá wọ́lẹ̀. Ó ṣí ìwé kan, ó ní, "Bàbá, nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún kò pọ̀ tó àwọn ará àdúgbò kejì. Ọ̀dọ̀ wọn la máa kọ́kọ́ dé." Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo rántí ìkéde tí mo fi ẹnu ara mi ṣe.

Lọ́dún yẹn náà, aya arákùnrin kan nínú ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lóru, nínú òjò. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e rìnrìn-àjò tó jìn kí wọ́n tó rí nọ́ọ̀sì. Ìyá yè, a dúpẹ́. Ọmọ kò dúró. Èmi ni mo gbàdúrà níbi tí wọ́n sin ín sí. Mi ò lè sọ pé bí a bá ti jókòó kí wọ́n kà wá, ọmọ yẹn ì bá wà láàyè. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwa ni a sọ ara wa di ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àti abúlé tí mo lọ kún, n kò lo ju ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga síbẹ̀ nítorí mi, mi ò ní pọn omi níbẹ̀. Ibi tí ẹ bá ń gbé, tí ẹ ti ń pọn omi, tí àwọn ọmọ yín ti ń lọ sílé ìwé, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti kà yín.

Ìbéèrè yín

Àwọn kan ń bẹ̀rù owó orí. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òní. Ní 1929, ní ilẹ̀ Ìgbò, kíkà tí wọ́n fẹ́ ka àwọn obìnrin àti ẹran ọ̀sìn wọn wà lára ohun tó dá rògbòdìyàn àwọn obìnrin sílẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé owó orí ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà ìjọba àwọn òyìnbó, ọgbọ́n ni kéèyàn fura. Ṣùgbọ́n òde òní yàtọ̀. Òfin de àwọn akànìyàn pé wọn kò gbọ́dọ̀ tú ohun tí ẹ bá sọ fún wọn fún ẹlòmíràn. Ìkànìyàn kò sì gba owó lọ́wọ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mówó wá kí òun tó kà yín, ọlọ́ṣà ni.

Àwọn mìíràn ní ìkànìyàn ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ jù tàbí Mùsùlùmí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé wọn kò bèèrè ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní 1991 àti 2006. Omi ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó ń kírun yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọrin ìsìn.

Àwọn ẹlẹ́mìí náà ní tiwọn. Wọ́n ní Ọlọ́run ti mọ iye wa, ó tilẹ̀ mọ iye irun orí wa gẹ́gẹ́ bí Jésù ti wí nínú Mátíù orí 10, kí ni a tún ń kà? Ẹ rántí ọjọ́ tí Jésù bọ́ 5,000 ọkùnrin. Ṣé kò mọ iye wọn ni? Síbẹ̀, Máàkù orí 6 sọ fún wa pé ó kọ́kọ́ mú kí wọ́n jókòó ní ọgọ́rùn-ún àti àádọ́ta kí ó tó bu búrẹ́dì. Nítorí wọ́n jókòó létòlétò, kò sí ẹni tí wọ́n fò dá, ó sì tún ṣẹ́ kù agbọ̀n méjìlá. Iṣẹ́ ìyanu kò lé ètò lọ.

Ẹ tún wo Jósẹ́fù àti Màríà. Kì í ṣe ọba rere ló ní kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀. Késárì Ọ̀gọ́sítù ni, ọba àjèjì tí ilẹ̀ wọn wà lábẹ́ rẹ̀. Oyún Màríà ti pé. Wọ́n ní àwíjàre tó pọ̀ láti fara pamọ́ sí Násárẹ́tì. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ojú ọ̀nà ìgbọràn yẹn ni àsọtẹ́lẹ̀ ti ṣẹ lára wọn.

Ohun tó kù fún wa láti ṣe

Àwọn aládùúgbò wa ti ń kà. Àwọn ará Gánà ka ara wọn ní 2021, wọ́n jẹ́ mílíọ̀nù 30 ó lé díẹ̀. Tógò kà ní 2022, wọ́n lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 8. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ìbátan wa wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, kà ní 2013, wọ́n tó mílíọ̀nù 10. Ní tiwa, wọ́n ní àwọn yóò kà wá ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n sún un sí oṣù karùn-ún, ìjọba ìgbà náà sì tún dá a dúró fún ìjọba tó ń bọ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bí lẹ́yìn ìkànìyàn 2006 ti tó ẹni tí wọ́n ń wá ilé ìwé gíga fún, bẹ́ẹ̀ ìwé ìkànìyàn tí mo sọ yìí kò mọ̀ ọ́n rárá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n bá tún kan ilẹ̀kùn.

Ẹ dúró sílé. Ẹ wo káàdì ìdánimọ̀ akànìyàn, kí ẹ sì fún un ní àga.

Ẹ sọ òótọ́. Ẹ má fi òkú kún un, ẹ má fi ọmọ tó wà lẹ́yìn odi kún un, ẹ má sì yọ ẹnikẹ́ni kúrò.

Ẹ rántí àwọn tí a sábà máa ń gbàgbé: ìkókó tí wọn kò tíì sọ lórúkọ, ọmọ ọ̀dọ̀, arúgbó tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ọmọ tó jẹ́ abirùn tí ojú ń tì yín láti mú jáde, àwọn tó ń sun ṣọ́ọ̀bù. Jésù fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ nítorí ẹyọ kan. Olùṣọ́-àgùntàn yẹn kò bá tí mọ̀ pé ẹyọ kan sọnù bí kò bá kà wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ náà, ẹ má jókòó sábẹ́ igi máa kọ iye tó wù yín. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ kéde rẹ̀ fún ìjọ yín, kí ẹ má sì kéde rẹ̀ bí mo ti ṣe ní 2006.

Bí a sì ti ń dúró, àjọ kan náà ló ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Ẹ mú ọmọ yín lọ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá àgbà mi ti sùn nínú Olúwa. Bí mo bá lè bá wọn sọ̀rọ̀ lónìí, mi ò ní bá wọn jiyàn. Ń ó kàn sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà wọ́n. Nítorí àwọn márùn-ún tó lọ ni, kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí nọ́ọ̀sì lóru."

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Baba wa ọ̀run, ìwọ tó mọ olúkúlùkù wa ní orúkọ, dárí jì wá níbi tí a ti fara pamọ́ àti níbi tí a ti purọ́. Fún wa ní ọkàn òtítọ́. Fún àwọn tó ń pín ní ìbẹ̀rù rẹ, kí tálákà má ṣe pàdánù ìpín rẹ̀ mọ́ ní ilẹ̀ yìí. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.